Àwọn Ẹyẹ Igbó nínú Òwe àti Ìtàn Ilẹ̀ Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Òwe yìí ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ẹyẹ nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Ní àwọn ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí mo bá béèrè pé, "Ta ló ti fi ojú ara rẹ̀ rí gúnnugún?", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kíláàsì ni yóò nawọ́. Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, mo béèrè ìbéèrè kan náà. Ọmọ méjì péré ló nawọ́, ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé inú tẹlifíṣọ̀n ni òun ti rí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ló mọ òwe gúnnugún lórí. Wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, wọ́n sì lè gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ẹyẹ rí, ṣé ó lè mọ ìdí tí àwọn baba wa fi fi ẹyẹ náà pa òwe?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni àròkọ yìí dá lé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òbí mú dání ni pé òwe tí a fi ẹyẹ pa kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan jókòó sínú ilé tó kàn rò jọ. Ohun tí àgbẹ̀ rí lóko ni, ohun tí ọdẹ gbọ́ nínú igbó ni. Bí a bá mọ ẹyẹ, òwe yóò yé wa dénú. Bí ẹyẹ bá sì tán nílẹ̀, òwe yóò kàn máa jáde lẹ́nu wa ni, kò ní ìdí mọ́.

IBI TÍ A TI Ń BÁ ẸYẸ PÀDÉ

Kò sí ẹ̀ka lítíréṣọ̀ Yorùbá tí a kò ti lè rí ẹyẹ. Ẹyẹ wà nínú òwe, nínú àlọ́, nínú oríkì, nínú ìwúre àti nínú ẹsẹ Ifá. Àwọn ọdẹ máa ń fi ìjálá ki ẹyẹ bí wọ́n ti ń ki ẹranko. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìjálá ní ọdún 1966, ìwé náà sì jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwọn ọdẹ wa mọ ìwà ẹ̀dá igbó ní àmọ̀dunjú.

Nígbà tí Àjàyí Crowther ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó jáde ní 1852, ó fi òwe ṣàlàyé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, orúkọ ẹyẹ sì wà lára wọn. Nínú iṣẹ́ ọnà náà, ẹ wo adé ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọba wa: ẹyẹ ni wọ́n máa ń tò sí i lára. Ẹ wo ọ̀pá Ọ̀sanyìn tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ: ẹyẹ irin ló yí i ká, ẹyẹ ńlá kan yóò sì wà lókè láàrin wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àwọn ẹyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. ÀPARÒ

Àparò jẹ́ ẹyẹ oko. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ àti koríko gbígbẹ, èyí ni kì í jẹ́ kí a tètè rí i. Ilẹ̀ ló máa ń rìn, kì í sábà fò àyàfi bí a bá ká a mọ́. Àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, nítorí pé ó máa ń wú àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn jẹ.

Òwe: Àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè.

Ìtumọ̀: Ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wa. Ẹni tó bá dà bíi pé ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ibi tó dúró sí ló gbé e ga.

Ohun tí ojú rí: Akọ àti abo àparò jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, akọ máa ń wá ibi tó ga díẹ̀, ìbáà jẹ́ orí ebè tàbí orí òkìtì ọ̀gán, ibẹ̀ ni yóò dúró sí tí yóò máa ké kí ohùn rẹ̀ lè lọ jìnnà. Àgbẹ̀ tó bá tètè dé oko yóò rí i lórí ebè. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ó ti dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù nìyẹn.

Ẹ kíyè sí ohun kan sí i. Ta ló kọ ebè? Àgbẹ̀ ni, kì í ṣe àparò. Gíga tí àparò fi ń yangàn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Bí a bá yan ọmọ kan ní olórí kíláàsì tí ó wá ń fojú tín-ín-rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òwe yìí ló yẹ kí a pa fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò rẹ̀ nígbà kan pé àparò tó bá mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ ni yóò ga ju àwọn yòókù lọ. Ó ka "ebè" sí "ẹ̀bẹ̀". Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ojú tì mí. Èmi ni olùkọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ, n kò sì mú kíláàsì rẹ̀ dé oko lọ́jọ́ kan kí wọ́n lọ wo ebè.

2. ÒROFÓ

Ìbátan ẹyẹlé àti àdàbà ni òrofó. Àwọ̀ ewé tútù ló ní, orí igi gíga ló sì máa ń gbé, pàápàá igi ọ̀pọ̀tọ́ tó bá ń so, nítorí èso ni oúnjẹ rẹ̀. Ènìyàn lè dúró lábẹ́ igi tí òrofó ogún wà lórí rẹ̀ kí ó má rí ẹyọ kan.

Òwe: Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó, òrofó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́.

Ìtàn tó wà nídìí òwe yìí rèé, bí ìyá mi àgbà ti máa ń sọ ọ́ fún wa. Òrofó kọ́ ìtẹ́ sórí igi kan tó ga, ewé bo ìtẹ́ náà dáadáa, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nínú ẹyin, ayọ̀ kún inú rẹ̀. Dípò kí ó dákẹ́ kí ó máa bọ́ ọmọ rẹ̀, ó bọ́ sórí ẹ̀ka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe fún gbogbo ayé pé ilé òun ti kún. Àwọn tó ń kọjá lọ nísàlẹ̀ gbọ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n gun igi, wọ́n kó gbogbo ọmọ náà lọ.

Ìtumọ̀: Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni lè kó bá ẹni. Kì í ṣe gbogbo ohun tí Ọlọ́run bá ṣe fún wa ni a ń pariwo rẹ̀ síta.

Ohun tí ojú rí: Ọdẹ kì í rí òrofó, gbígbọ́ ló máa ń gbọ́ ọ. Àwọ̀ rẹ̀ pa á mọ́ sínú ewé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yóò tú u fó. Nítorí náà, nígbà tí òwe sọ pé ẹnu òrofó ló ń pa òrofó, òótọ́ pọ́ńbélé ni ó sọ.

Ohun kejì tún pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà nípa rẹ̀. Òrofó kì í sábà yé ju ẹyin kan tàbí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Níbo ni ọmọ mẹ́fà ti wá? Èrò tèmi ni pé àwọn àgbà mọ̀, wọ́n sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Afọ́nnu kì í dúró lórí ohun tó ní. Yóò fi ohun tí kò ní kún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé gbogbo ohun tí ẹ ní àti èyí tí ẹ yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ sórí Facebook, ẹ rántí òrofó.

3. GÚNNUGÚN

Gúnnugún ni a tún ń pè ní igún. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, orí òrùlé ilé ẹran àti orí ààtàn ni wọ́n máa ń kóra jọ sí. Òkú ẹran àti ìfun tí àwọn alápatà bá dà nù ni oúnjẹ wọn. Agbálẹ̀ ìlú tí kò gba owó oṣù ni wọ́n.

Òwe kìíní: Gúnnugún kì í kú léwe.

Ìtumọ̀: Àdúrà ẹ̀mí gígùn ni. A máa ń fi súre fún ọmọ tuntun, fún ìyàwó àti fún ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí.

Ohun tí ojú rí: Orí igún pá, ọrùn rẹ̀ hunjọ, ó sì máa ń tẹ̀ kòkò bí arúgbó tó ń yá oòrùn. Ẹni tó bá rí i yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i ní "Ẹ kúùrọ̀, baba." Èkejì ni pé ohun tó lè pa ẹlòmíràn kì í pa á. Omi inú ikùn rẹ̀ kan gan-an ni, ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó wà lára òkú ẹran. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi lè wo kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé igún jẹ òkú jíjẹrà lánàá, ó sì tún dé lónìí.

Òwe kejì: Ẹyẹ tó bá fara wé igún, ẹ̀yìn ààrò ni yóò sùn.

Ìtumọ̀: Kí oníkálukú mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ohun tí ẹnì kan ṣe tó gbè é lè pa ẹlòmíràn.

Ohun tí ojú rí: Igún máa ń rìn láàrin ènìyàn láì bẹ̀rù, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ sè é jẹ. Ẹyẹ mìíràn tó bá rí i tí ó rò pé òun náà lè máa rìn bẹ́ẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ní ti ẹbọ pàápàá, ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé bí igún bá bà lé ẹbọ, ẹbọ náà ti fín. Ẹyẹ tí ìran kan gbà pé ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ìran náà kì í pa á ní ìpakúpa. Èyí dáàbò bò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

4. ODÍDẸRẸ́

Odídẹrẹ́ jẹ́ ẹyẹ tó ní àwọ̀ eérú, tí ìrù rẹ̀ sì pupa fòò. Ó máa ń sín ohùn ènìyàn jẹ. Ìwó ni ìlú tí orúkọ rẹ̀ kì í sábà yà kúrò lára odídẹrẹ́ nínú oríkì.

Orúkọ rẹ̀ kejì ni Ayékòótọ́, èyí túmọ̀ sí pé ayé kò fẹ́ òótọ́. Ẹ wo ọgbọ́n inú orúkọ yìí. Odídẹrẹ́ kò mọ irọ́ pa. Ohun tó bá gbọ́ nínú ilé ni yóò sọ jáde, kò ní bojú wo ẹni tó wà níjòókòó. Bí onílé bá bú àlejò lẹ́yìn, tí àlejò náà sì dé lọ́jọ́ kejì, odídẹrẹ́ lè tún èébú náà pè lójú rẹ̀. Inú onílé kò lè dùn sí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò dá ẹyẹ lẹ́bi o, àwa ènìyàn ló dá lẹ́bi.

Ìyẹ́ pupa tó wà ní ìrù rẹ̀ ni à ń pè ní ìkóódẹ. Iyì rẹ̀ pọ̀ lórí adé ọba, nínú oyè àti nínú ètò òrìṣà. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dání. Títí di òní, nínú ẹ̀sìn Candomblé ní ìlú Salvador àti káàkiri Bràsíìlì, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ ìyàwó òrìṣà máa ń fi ìyẹ́ pupa kan síwájú orí, "ekodidé" ni wọ́n sì ń pè é. Ní ọdún 1966, Mestre Didi, ọmọ ìlú Salvador tó kú ní 2013, tẹ ìwé kan jáde lórí ìdí tí Òṣàlá fi ń lo ìyẹ́ náà. Gbogbo wa mọ̀ pé funfun ni Òṣàlá ń lò. Ìtàn náà sọ pé ó fi ìyẹ́ pupa kan ṣoṣo yìí sára láti fi ọ̀wọ̀ hàn fún obìnrin àti agbára ọmọ bíbí. Ẹ ò rí i pé ìyẹ́ ẹyẹ kan gbé èrò ìjìnlẹ̀ kọjá òkun.

5. AGBE, ÀLÙKÒ ÀTI LÉKELÉKE

Àwọn ẹyẹ mẹ́ta yìí kì í ya ara wọn nínú ìwúre. Agbe ló ní aró, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ dà bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Àlùkò ló ní osùn, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n. Lékeléke ló ní ẹfun, nítorí pé ó funfun nini. Bí àgbà bá fi wọ́n súre fún ọ, ohun tó ń tọrọ fún ọ ni pé kí o má ráhùn ohun tó jẹ́ tìrẹ, bí ẹyẹ wọ̀nyí kì í ti í ráhùn àwọ̀ ara wọn.

Ohun tí ojú rí: Aró, osùn àti ẹfun wà lára àwọn ohun tí àwọn ìyá wa fi ń pa aṣọ láró, tí wọ́n fi ń kun ara, tí wọ́n sì fi ń kun ògiri. Aláró máa ń ṣe wàhálà kí aró tó mu aṣọ, aṣọ náà yóò sì máa ṣí bí a bá ti ń fọ̀ ọ́. Ti ẹyẹ kì í ṣí. Ìdí nìyẹn tí ìwúre náà fi dùn létí ẹni tó mọ iṣẹ́ aró.

Agbe àti àlùkò jẹ́ ìbátan. Ní ọdún 1869, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ A. H. Church ṣàlàyé pé bàbà wà nínú àwọ̀ pupa tó máa ń wà ní apá ọ̀pọ̀ ẹyẹ nínú ìdílé yìí. Bàbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ náà ni o! Nítorí náà, osùn àlùkò kì í ṣe osùn lásán.

Ní ti lékeléke, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la sábà máa ń rí wọn jù, tí wọ́n ń tẹ̀ lé màlúù kiri láti máa jẹ kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù bá tú jáde. Nígbà èwe wa, bí wọ́n bá ti ń fò kọjá, a ó na ọwọ́ sókè, a ó máa kọrin, a ó máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní funfun wọn sí èékánná. Bí a bá wá rí àmì funfun lórí èékánná wa lọ́jọ́ kejì, a ó máa fi yangàn fún ara wa.

6. ÀWÒDÌ ÀTI ÀDÀBÀ

Òwe: Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Ìtumọ̀: Ohun tí ẹnì kan ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ ni ẹlòmíràn wá tì í sí. Ìbarà jẹ́ àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta.

Ohun tí ojú rí: Àwòdì kì í fi gbogbo ìgbà lu apá rẹ̀. Ó máa ń tẹ́ apá sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa gbé e, ìrù rẹ̀ ni yóò fi máa darí ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀fúùfù tó ta á nídìí kò pa á lára, ó ràn án lọ́wọ́ ni.

Òwe: Àdàbà kò náání à ń kùngbẹ́, iná ń jó, ẹyẹ ń lọ.

Ìtumọ̀: Ẹni tó ní apá tí yóò fi fò kì í bẹ̀rù ohun tó ń lé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. A tún máa ń pa á fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlú kò kàn.

Ohun tí ojú rí: Bí a bá kùngbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àdàbà yóò fò lọ síbòmíràn ní tirẹ̀. Àwòdì ńkọ́? Ọ̀dọ̀ iná gan-an ni yóò forí lé, nítorí pé tata àti àwọn ẹranko kéékèèké tó ń sá fún iná ni yóò máa gbé jẹ. Iná kan náà ni; ẹyẹ kan ń lọ, ẹyẹ kan ń bọ̀. Ẹ fi èyí ṣe àríyànjiyàn nínú kíláàsì, ẹ ó rí i pé àwọn ọmọ yóò ní ọ̀rọ̀ sọ.

7. ÒWÌWÍ ÀTI KOWÉÈ

Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni a fẹ́ràn. Bí kowéè bá ké, àwọn àgbà gbà pé ó ń túfọ̀ ni. Òwìwí náà, ẹyẹ àjẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. "Ẹlẹ́yẹ" sì ni a máa ń pe àwọn tí a gbà pé wọ́n ní agbára òru, nítorí a kì í fẹ́ dárúkọ wọn gan-an.

Ìbẹ̀rù yìí náà ní ohun tí ojú rí nídìí. Òwìwí máa ń fò láì dún rárá, nítorí etí ìyẹ́ apá rẹ̀ rọ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì kọjú síwájú bíi ti ènìyàn. Ohùn rẹ̀ máa ń ba ènìyàn lẹ́rù ní ọ̀gànjọ́ òru, òrùlé ilé wa ló sì máa ń wá gbé. Bí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ bá kọjá lórí ẹni nínú òkùnkùn, ta ni kò ní já láyà?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀yin òbí sọ òótọ́ bí ayékòótọ́. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ ń sọ òkò pa òwìwí, tí àgbàlagbà sì ń yìn wọ́n. Eku ni òwìwí ń jẹ. Eku tó ń jẹ àgbàdo wa nínú àká, tó ń gé aṣọ wa, ni ó ń bá wa pa ní òru. A lè pa ìtàn rẹ̀ fún ọmọ wa láì kọ́ wọn láti pa á. Ẹni tó mọ ìtàn kò ní láti kórìíra ẹyẹ inú rẹ̀.

8. TA NI ỌBA ẸYẸ?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí léèrè ìdí tí Yorùbá fi ní ọba ẹyẹ méjì. Àwọn kan ní ọ̀kín ni, àwọn kan ní ògòngò ni.

Ọ̀kín ni ọba ní ti ẹwà. Ìyẹ́ rẹ̀ ni a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ adé, Ìyèrú Ọ̀kín sì ni a fi ń ki àwọn ọmọ Ọ̀fà. Ògòngò ni ọba ní ti títóbi. Ó lè ga ju mítà 2 lọ, kò lè fò, ilẹ̀ gbígbẹ níhà àríwá ni ibùgbé rẹ̀, kì í ṣe igbó tiwa. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, lo ògòngò nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938. Nínú ìwé náà, àwọn ọdẹ dé ìlú àwọn ẹyẹ, ògòngò sì ni ọba tí wọ́n bá níbẹ̀. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ògòngò sì tipa bẹ́ẹ̀ dé etí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá.

ẸYẸ Ń TÁN, ÒWE Ń ṢẸ́KÙ

Mo ti sọ lókè pé ọmọ méjì péré ló nawọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ. Gúnnugún ló ti dín kù. Ní 2015, àjọ IUCN tó ń ṣe àkójọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu fi irú gúnnugún tí a mọ̀ láàrin ìlú sí ìpele tó léwu jù lọ kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Wọ́n ń fi májèlé pa wọ́n, wọ́n sì ń ta orí àti ẹ̀yà ara wọn fún oògùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ó ju 2,000 gúnnugún tí májèlé pa ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau nìkan. Ẹyin kan ṣoṣo ni ẹyẹ yìí máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kì í rọrùn fún un láti pọ̀ padà.

Odídẹrẹ́ náà kò bọ́. Àwọn tó ń mú un tà sí òkè òkun fún ọ̀ṣìn ti dín in kù gan-an. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì fi òfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàrin orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè.

Ẹ rò ó wò. Gúnnugún kì í kú léwe ni àdúrà wa, a sì ń pa gúnnugún léwe. Kí ni ọmọ tí a bá súre yìí fún ní ogún ọdún sí i yóò rí tí yóò fi ṣe àmín?

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní òwe ẹyẹ, ẹ mú wọn jáde. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lásán tó láti rí àdàbà, ẹ̀gà àti lékeléke. Bí ọkọ̀ bá wà, ẹ mú wọn dé oko kí wọ́n lọ wo ebè. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá lọ sílé lọ́dọ̀ àwọn bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n mọ̀ fún àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ ẹyẹ ló wà lórí ahọ́n àwọn àgbà tí kò tíì sí nínú ìwé kankan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tiyín nìyí:

1. Ẹ yan ẹyẹ kan tó wà ní àdúgbò yín. Ẹ wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kí ni ó ń jẹ? Níbo ni ó ń sùn? Báwo ni ó ti ń ké?
2. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan bóyá òwe tàbí ìtàn wà lórí ẹyẹ náà.
3. Ẹ fi ohun tí ẹ rí wé ohun tí òwe sọ. Níbo ni wọ́n ti bára mu? Níbo ni wọ́n ti yàtọ̀?
4. Bí kò bá sí òwe lórí rẹ̀, ẹ pa òwe tuntun kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Apá kan òwe wa ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu. Apá kejì ni ẹ̀dá tó wà nínú igbó. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú méjèèjì fún àwọn ọmọ wa.